Ìlú Wo Ni Ẹ Kọ́kọ́ Fi Sínú Ẹ̀rọ?

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ sìn mí dé èbúté, tí ẹ ń pariwo tẹ̀ lé ọkọ̀ wa lórí omi pé kí n má lọ bá àwọn ará òkè jà, mo ti dé o. Mo bá wọn jà. Ara mi le, ohùn mi nìkan ló há. Láti ìjẹta tí mo ti wọlé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni ìlú wọn ti rí, kí ni wọ́n fún mi jẹ, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn kí wọ́n tó bú u. N óò dáhùn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ ọ́ káàkiri Igbókòdá pé tìtorí àgbàdo opó kan ni mo ṣe rin gbogbo ìrìn yẹn, pé ìwé ti dà mí lórí rú. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà lápò mi láti ọjọ́ tí mo kúrò nílé. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí mi ni mo kọ síbẹ̀, àti orúkọ ẹni tó ṣe é, àti wákàtí tó ṣe é.

LẸ́TÀ

Ẹ rántí pé kí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yẹn, tó lé èmi àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo lo ọdún méjì ní yunifásítì nídìí ìwádìí àgbàdo. Oko ni mò ń lọ, mò ń wọn ilẹ̀, mò ń ka àpò lẹ́yìn ìkórè. Nǹkan mẹ́rin ni mo máa ń kọ nípa oko kọ̀ọ̀kan: òjò tó rọ̀ síbẹ̀, iyanrìn tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, òkúta tó wà níbẹ̀, àti iye ọdún tí ilẹ̀ náà fi sinmi.

Ìlú méjì ni iṣẹ́ náà wà fún, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Bí mo bá yà wọ́n sọ́tọ̀, oko tí mo wọ̀n ní ìlú kọ̀ọ̀kan kéré jù kí kọ̀ǹpútà tó rí nǹkan gidi kọ́ níbẹ̀. Mo bá kọ́ ọ ní iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, bí ìbejì tó ń fi fìtílà kan kàwé. Ohun tí ọ̀kan bá rí, èkejì á jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá dé, kálukú ló máa kọ tirẹ̀. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni ìwọ̀n oríṣi méjì, nọ́ńbà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin yẹn àti iye ìbẹ̀rẹ̀ kan: ọ̀kan fún Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan fún Ọ̀yọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ tó bá ti sinmi pẹ́ máa ń san án padà tayọ̀tayọ̀, òkúta kò sì fi bẹ́ẹ̀ dí àgbàdo lọ́wọ́. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti wọ̀n ọ́n, ìsinmi kò ran ilẹ̀ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, òkúta sì burú fún un.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ iye àpò tí oko tuntun máa so, ẹ mú nǹkan mẹ́rin yẹn, ẹ fi ìwọ̀n ìlú rẹ̀ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi iye ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà lé e. Ó tán. Ọmọ ìwé kẹfà lè ṣe é lórí sílétì.

Mo gbé díìsì kọ̀ǹpútà àti bébà ìwọ̀n fún iléeṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mọ ẹni tí oko rẹ̀ kò ní dára, kí wọ́n lè tètè ràn án lọ́wọ́. Mo bá wálé wá jókòó tì yín.

Lẹ́tà tó gbé mi dìde, akọ̀wé ìjọ Aládùúrà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló bá Ìyá Dọ́káàsì kọ ọ́. Opó ni Ìyá Dọ́káàsì. Láti ìgbà tí lọ́rì ti gbé e ṣubú ni apá rẹ̀ ọ̀tún kò ti lè gbé ọkọ́ mọ́. Oko rẹ̀ wà lára àwọn tí mo wọ̀n. Ohun tí lẹ́tà náà sọ nìyí:

“Ọmọ mi, o wọn ilẹ̀ mi, o jẹ máńgò mi, o ní ẹ̀rọ rẹ ò ní parọ́ mọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ ti sọ pé oko mi ò ní so. Wọ́n ti yọ mí kúrò nínú àwọn tí katakata máa bá ro ilẹ̀, tí wọ́n máa fún ní ajílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni katakata ń yí ká kí òjò tó mú. O mọ apá mi. Bó bá kọjá mi, ilẹ̀ yẹn di igbó nìyẹn, èmi náà á sì di ẹni tí ń jókòó ṣọ́nà ohun tí ọmọ ìjọ bá bù wá. Ṣé bí ẹ̀rọ rẹ ṣe rí mi nìyẹn?”

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe lo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mo ṣe é kí wọ́n lè fi wá ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́. Wọ́n fi ṣe asẹ́. Akọ̀wé ìjọ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé wọ́n fa ìlà sórí àpò mẹ́jọ: ẹni tí kọ̀ǹpútà bá ní oko rẹ̀ máa so jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí katakata lọ bá a, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, ó di ọwọ́ Olúwa. Wọ́n ń bu omi sínú odò. Èyí ni ẹ̀sùn tí mo kọ́kọ́ kọ sínú ìwé pélébé mi, kí ọkọ̀ wa tó kúrò létí omi.

ÌSÀLẸ̀ Ọ̀YỌ́

N kò ní fi ọ̀nà dá yín lágara. Omi tán, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà tán, eruku bẹ̀rẹ̀. Mo wọ Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ara mi pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn.

Ilé tí mo wọ̀ sí, ilé Bàbá Làmídì ni, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àgbẹ̀ ni wọ́n, bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì, wọn ò sì rí mi rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara mi láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n na ọwọ́ sókè.

“Ẹ mu omi ná.”

“Bàbá, èmi ni mo…”

“A kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ mu omi.”

Mo mu omi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò tíì gbọ́ kíkí rí! Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ewu ọ̀nà, wọ́n kí mi kú ìrọ̀lẹ́, wọ́n kí ẹ̀yin tí mo fi sílẹ̀ nílé, wọ́n béèrè àlàáfíà omi òkun. Èmi tí mo kéré sí ọmọ wọn kẹta, “ẹ” ni wọ́n ń pè mí. Ní ilé wa, bí mo ṣe ń pe ọmọdé náà ni mo ń pe bàbá tó bí mi, kò sì sẹ́ni tó kú.

Oúnjẹ dé: ẹ̀kọ gbígbóná nínú ewé, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, wàrà tí wọ́n dín. N kò ní parọ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ẹja wà níbẹ̀. Mo wá inú abọ́ náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ọmọ olómi ni mí, ẹ mọ̀ mí. Mo bi ìyàwó bàbá pé, “Mà, ẹja náà dà?”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá fi ìka tọ́ ègé panla kan fún mi, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, ó le bí èèpo igi.

“Ẹ má fojú di í,” ni Bàbá Làmídì wí. “Ẹja yẹn ti rìn jù yín lọ. Ìlú òyìnbó ló ti ń bọ̀.”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé mi: panla, ègé kan, aago méje ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni bàbá mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fi àká tuntun hàn mí, ilé àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Koríko orí rẹ̀ ṣì ń ta sánsán. Ó ga jù mí lọ.

“Kọ̀ǹpútà ìjọba ló dárúkọ mi,” ni wọ́n wí. Ojú wọn ń dán bí ti ọkọ ìyàwó. “Àpò mẹ́rìnlá! Lórí ilẹ̀ olókùúta tèmi yẹn! Ilẹ̀ yẹn ti sinmi títí, òótọ́ ni, àmọ́ bàbá mi ò rí méje níbẹ̀ rí. Mo ní, ṣé èmi Làmídì yìí? Wọ́n ní èmi ni. Ni mo bá wó àká àtijọ́, mo mọ eléyìí.”

“Ẹ kú oríire, bàbá,” ni mo wí.

Ó yẹ kí n fura níbẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ olókùúta, ní Ọ̀yọ́, àpò mẹ́rìnlá! Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ẹ̀rọ náà. N kò fura. Ìbínú ló kún orí mi, ẹ̀kọ ló kún inú mi, mo lọ sùn.

ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà, ṣùgbọ́n awakọ̀ wa ń gbàdúrà tọkàntọkàn bó ṣe ń sáré, ìyẹn náà sì jẹ́ kó gùn lójú mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kún fún igi kajú àti igi máńgò. Abẹ́ máńgò ni mo bá Ìyá Dọ́káàsì. Wọ́n wé gèlè funfun, apá ọ̀tún wọn sùn sórí itan bí ọmọ. Wọn ò kí mi kú ìrìn.

“O wá jẹ́jọ́ rẹ?”

“Mo wá jẹ́ ẹ, mà.”

“Jókòó. Jẹun ná. Ẹni tí ebi ń pa ò mọ ẹjọ́ jẹ́.”

Ẹ̀kuru ni wọ́n gbé síwájú mi, àti ata díndín. Wọn ò sọ pé ẹja wà níbẹ̀, kò sì sí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Bí mo ṣe ń jẹ ni wọ́n ń bú mi. Wọ́n ní wòlíì ìjọ wọn ti ríran pé ọdún yìí ni ilẹ̀ wọn máa rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní ẹ̀rọ ọmọ etí omi kan ní kó má rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ̀rọ rẹ ń mutí ni?”

“Kò mutí, mà.”

“Nígbà tó o wọn ilẹ̀ yìí, kí lo sọ? O ní ọdún méje tó fi sinmi yẹn, oúnjẹ ni fún un. Ìwọ lo sọ ọ́, níbi tó o jókòó sí yìí.”

Mo fọ ọwọ́. Mo yọ ìwé pélébé mi jáde, níbi tí mo kọ ìwọ̀n ìlú méjèèjì sí látọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo mú nǹkan mẹ́rin oko wọn: òjò, iyanrìn, òkúta, ìsinmi. Mo fi ìwọ̀n Ògbómọ̀ṣọ́ sọ wọ́n di púpọ̀, mo rò ó pọ̀, mo fi iye ìbẹ̀rẹ̀ lé e. Àpò méjìlá. Mo tún un ṣe. Méjìlá náà ni. Mo gba bébà tí iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Márùn-ún àti ààbọ̀ ló wà níbẹ̀.

“Mà, ẹ̀rọ mi kọ́ ló sọ eléyìí.”

“Òun náà ni wọ́n kọ sórí rẹ̀.”

“Ẹnì kan ló bà á jẹ́.” Mo ti dìde. “N óò lọ bá wọn ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó ṣe é máa jẹ́wọ́ lójú mi, mà. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ọjọ́ Ajé ni katakata ń bọ̀,” ni wọ́n wí. “Má lo ọjọ́ mẹ́ta láti fi bínú.”

IWÁJÚ Ọ̀GÁ

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo dé iléeṣẹ́ náà. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú ogún ni ọ̀gá dé. Ọ̀gbẹ́ni Àrẹ̀mú ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin rìbìtì kan tó wọ agbádá kékeré. Akọ̀wé rẹ̀, Sístà Fọlákẹ́, ló ń lo kọ̀ǹpútà. Ìbínú ti pọ̀ lórí mi, ni ẹnu mi bá padà sí ilé:

“Ìwọ ni ọ̀gá ibí?”

Kò bínú. Ó rọra yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. “Fọlákẹ́, àlejò ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

Sístà Fọlákẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá wá yíjú padà sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúró, ilé ńkọ́, àwọn ará omi ńkọ́. Ó kí mi títí mo fi gbàgbé ìdajì ohun tí mo fẹ́ bá a jà lé lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní ilé wa, ẹni tó fẹ́ já yín kulẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fajú ro, ẹ ó sì ti múra sílẹ̀.

Mo gba bébà gbogbo oko, bébà gígùn tó ní ihò wẹ́wẹ́ létí. Mo wá orúkọ Ìyá Dọ́káàsì. Mo rò ó pé bóyá wọ́n ṣi òjò rẹ̀ kọ. Wọn ò ṣì í kọ. Nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Ni mo bá ṣe ohun tí n kò tíì rò láti ṣe: mo fi ìwọ̀n Ọ̀yọ́ sọ wọ́n di púpọ̀. Márùn-ún àti ààbọ̀. Ó bá ti orí bébà mu géẹ́.

“Ìlú wo ni ẹ kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ?”

Mo na bébà náà sí wọn.

“Oko ìlú méjì ni ẹ fi sínú rẹ̀. Ìlú wo ló ṣáájú?”

“Ọ̀yọ́ ni, sà,” ni Sístà Fọlákẹ́ wí. “Nígbà tí ẹ gbé tiyín wá, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣáájú. Ọ̀gá ní kí n tún un tò.”

Òótọ́ ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣáájú nínú tèmi. Oko Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n tán, àwọn ni mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀rọ. Ìwọ̀n kìíní tó wà nínú díìsì yẹn, tiwọn ni. Oko ìlú tó bá sì kọ́kọ́ wọlé, ìwọ̀n kìíní ni ẹ̀rọ máa fi wọ̀n ọ́n. Kò ní béèrè ìlú ẹni. Kò tilẹ̀ ní wúkọ́.

“Kí ló dé tí ẹ fi tún un tò?” Mo ti ń pariwo. “Ẹ fi ìwọ̀n Ògbómọ̀ṣọ́ wọn gbogbo Ọ̀yọ́! Ẹ fi ti Ọ̀yọ́ wọn gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́!”

“Ẹ rọra, ọ̀gbẹ́ni.” Ọ̀gá fi ọwọ́ pa tábìlì rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. “Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ìwé tó ń ti ìlú Aláàfin jáde, ta ló ń kọ orúkọ ìlú mìíràn ṣáájú Ọ̀yọ́ nínú rẹ̀? Bí àwọn àgbààgbà bá rí i, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ dọ̀bálẹ̀?”

“Ẹ̀rọ ò mọ àgbà!”

“Ẹ̀rọ tí ò bá mọ àgbà, ẹni tó kọ́ ọ ni ò kọ́ ọ re.”

Sístà Fọlákẹ́ tún bo ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ẹ̀ bú sẹ́kún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó wà nínú ìwé pélébé mi sí ọkùnrin náà létí: ìlà tí wọ́n fà, asẹ́ tí wọ́n ṣe, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú ogún tí wọ́n fi mí jókòó. Mo ní ìyá kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí apá rẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́, tí ẹ̀yin fi ọ̀wọ̀ ìlú yín sọ di alágbe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mi orí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ bébà kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, bí wọ́n ṣe ń nà nǹkan sí àgbà.

“Ẹ dákun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka ibi tí ẹ kọ orúkọ ìlú sí.”

Bébà ìwọ̀n mi ni. Bébà tí mo fi sílẹ̀ fún wọn. Òkè ibi kan, mo kọ “Iṣẹ́ Kìíní” síbẹ̀. Òkè ibi kejì, mo kọ “Iṣẹ́ Kejì”. Ìwọ̀n wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tónítóní, mo fi rúlà fa gbogbo ìlà rẹ̀. Kò sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Kò sí Ọ̀yọ́.

Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Òfìfo ni.

N kò kọ ọ́ nítorí pé èmi mọ̀ ọ́n. Ìlú méjèèjì wà lórí mi bí orúkọ àwọn àbúrò mi. Nínú ìwé pélébé tèmi, mo kọ orúkọ ìlú sí i. Nínú èyí tí mo fún wọn, mo rò pé kò sẹ́ni tó lè ṣì í mọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ,” ni ọ̀gá wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

A tún un ṣe. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, Sístà Fọlákẹ́ fi Ògbómọ̀ṣọ́ ṣíwájú, Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé pẹ̀lú ariwo bíi ti ẹni ń lọ ata gbígbẹ. Bébà jáde. Ọ̀gá wò ó, ó gbé bírò, ó sì gbé e padà sílẹ̀.

“N kò lè buwọ́ lu eléyìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lókè.”

Mo dìde. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Sístà Fọlákẹ́ ti gba bébà náà. Ó tẹ̀ ẹ́ níbi ihò wẹ́wẹ́ tó wà láàárín, ó fà á ya sí méjì, ó gbé ti Ọ̀yọ́ sórí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi pínnì dè é.

“Ọ̀yọ́ ti ṣáájú, sà.”

Ọ̀gá buwọ́ lù ú.

Ìyá Dọ́káàsì, àpò méjìlá, ó wọlé. Mo ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà yẹn ni mo tó wo bébà òkè. Orúkọ àwọn kan ti gòkè, ti àwọn kan ti sọ̀ kalẹ̀. Lábẹ́ ìlà, mo rí i: Làmídì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, àpò márùn-ún àti ààbọ̀.

Mo ní kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́. Mo ní ẹni tí oko rẹ̀ máa so kékeré ni ajílẹ̀ yẹ fún.

“Ìlà kì í ṣe tèmi,” ni ọ̀gá wí. “Òkè ni wọ́n ti fà á. Ẹ̀yin lẹ mú nọ́ńbà wá; orí nọ́ńbà ni wọ́n rí tí wọ́n fa ìlà lé. Ẹ kọ̀wé sí wọn.”

Mo ti kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́rin ni. Wọn ò tíì fèsì.

MÁŃGÒ

Ìyá Dọ́káàsì ò jó, wọn ò pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú, wọ́n wúre fún mi gan-an, wọ́n ní wòlíì ò purọ́ o. Wọ́n wá fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

“Ta ni wọ́n yọ?”

“Mà?”

“Katakata ò pọ̀ sí i. Bí èmi bá wọlé, ẹnì kan jáde. Ta ni?”

“Bàbá kan ni, ní Ọ̀yọ́.”

“O mọ̀ ọ́n?”

“Mo sùn nílé wọn, mà.”

“O jẹun níbẹ̀?”

“Mo jẹun níbẹ̀.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa máńgò sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, àwọn tó pọ́n jù. Ó pẹ́ kó tó kún. N kò lè bá wọn ṣà á, wọn ò jẹ́. “Ìwọ ni wàá fẹnu ara rẹ sọ fún un,” ni wọ́n wí. “Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu bébà. Má sì lọ lọ́wọ́ òfìfo.”

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ìrìn tí mo ti rìn, kò sí èyí tó gùn tó ìrìn kékeré yẹn láti Ògbómọ̀ṣọ́ padà sí Ọ̀yọ́. N kò rí igi kankan lójú ọ̀nà.

Bàbá Làmídì wà ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rí mi, wọ́n ké sí inú ilé pé kí wọ́n gbé omi wá. Omi dé. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ máńgò kalẹ̀, mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ mu omi ná.”

“Bàbá, n kò lè mu omi yín kí n tó sọ eléyìí.”

Wọ́n gbé omi náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ó dáa. Ẹ sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ìlú tí wọ́n fi ṣáájú, mo sọ ti ìwọ̀n tó ṣi ìlú wọ̀n. Mo fẹ́ dúró síbẹ̀, kí ó jẹ́ pé ọ̀gá ló jẹ̀bi, nítorí ó jẹ̀bi lóòótọ́. Ẹnu mi kò gbà. Mo sọ ti bébà tí mo fi rúlà fà, tí n kò kọ orúkọ ìlú sí. Mo ní kò sí katakata, kò sí ajílẹ̀.

Ìyàwó wọn tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní, “Háà.” Ó tán.

“Mélòó ni ẹ̀rọ wá sọ pé ó jẹ́?” ni bàbá béèrè.

“Márùn-ún àti ààbọ̀, bàbá.”

Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká tuntun náà, wọ́n wọ̀n ọ́n lójú láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú èédú kan nídìí ààrò, wọ́n fa ìlà sí ara ògiri àká, ó ga ju orúnkún lọ díẹ̀.

“Ibí ló máa dé,” ni wọ́n wí. “Ti bàbá mi náà, ibí ló máa ń dé.” Wọ́n gbọn èédú kúrò lọ́wọ́. “Ẹ̀rọ yín ti wá mọ ilẹ̀ mi. Ọkọ́ mi ṣì wà.”

Wọ́n padà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó. Wọ́n mú máńgò kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Wọn ò bi mí ẹni tó fi ránṣẹ́.

“Ó ku omi yín,” ni wọ́n wí.

Mo mu ún tán.

Ìwé pélébé yẹn wà níbí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wò ó. Panla wà níbẹ̀, ọ̀gá wà níbẹ̀, ìlà orí àpò mẹ́jọ wà níbẹ̀. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, orúkọ mi ni mo kọ síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ láìgékúrú, àti ọjọ́ àti wákàtí tí mo fi bébà yẹn lé wọn lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ orúkọ ìlú méjèèjì sí, bí mo ṣe kọ́ ẹ̀rọ: Ògbómọ̀ṣọ́ kìíní, Ọ̀yọ́ kejì.